Agbè Tí Ìyá Mi Gán

Ìwé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, inú sì ti ń bí mi sí i kí n tó kà á tán. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ní kúkúrú ni pé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n kó wá sí ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Bàsílà ń yin obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, ẹni tí ìyà kò lè gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ ọ́ ní Nàgó, èdè ìbílẹ̀ wa, fún àwọn obìnrin Màńígìrì tó ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ọkùnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àṣà ní mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú wa, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi nílé.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ̀yin lolùkọ́, ẹ̀yin sì lọmọ Màńígìrì. Ẹ ṣáà bá wa kà á fún wọn lédè yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín padà, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bàsílà láàárín àwọn Aníì, tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí inú bá ń bí mi, ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín.

Nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yẹn. Àbígbẹ̀yìn ìyá wa, àbúrò mi obìnrin, Màńígìrì ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Iṣu àti kajú ni wọ́n ń gbìn jẹun. Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn dé ọwọ́ mi, ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún tí ọmọ rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin ni, ọmọ oṣù méje. Ibà mú un lọ́jọ́ Ajé, kò rí Ọjọ́rú. Ó mà ṣe o. Imú èèyàn ni ọmọ yẹn máa ń dì mú bí wọ́n bá gbé e, kì í sì í jù ú sílẹ̀ títí wàá fi bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, abiyamọ kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti kó aṣọ ọmọ àti ọ̀já tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n kúrò nílé. Wọn ò ní pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún, torí wọ́n gbà pé bó bá sunkún, omijé á dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì wọlé wá kí i, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyẹn ni pé ọmọ ló lọ, ìyá ṣì wà, a óò tún pọn omíràn. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Mo gbà pé ìtùnú ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bi agbè léèrè?

Ìyá mi ló mú àṣẹ yìí le jù nínú gbogbo wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gán igbá. Bí igbá tàbí agbè bá sán, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Á fi òòlu dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó sán, á fi okùn ìko ran án pọ̀, á wá fi òrí àti eérú dí ojú ihò náà. Ike ti gbòde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ pé omi inú agbè tutù ju ti inú ike lọ lóko, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò kékeré tí òòlu rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kì í kúrò léjìká rẹ̀, àní bó bá ń lọ kí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú ni ìyá mi ti kó lọ sílé àbúrò mi tó ń ṣọ́ ọ. Bí ojú àbúrò mi bá rẹ̀ wálẹ̀ báyìí, á ní, "Gbé ojú sókè." Bó bá mí kanlẹ̀, á ní, "Dìde, lọ gbálẹ̀." Àbúrò mi ń gbálẹ̀. Ó ń kí àlejò. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ara le, á ní ara le. Kò jẹun, kò sùn, ọmú rẹ̀ sì kún débi pé kò lè sọ apá kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn já sí.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti rìn ín. Ọdún kejìlélógún rèé tí èmi náà sọ ọmọ nù, ọkùnrin, ó ti ń rìn, ó ti ń lé adìyẹ. Mi ò sunkún. Lọ́jọ́ kẹjọ mo padà sí kíláàsì, mo kọ déètì sójú pátákó, mo ní kí àwọn ọmọ kọrin. Wọ́n yìn mí káàkiri Màńígìrì. Wọ́n ní ọkùnrin lobìnrin yẹn. Ìyá mi ń gbé orí kiri bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Kí ni èmi rí gbà níbẹ̀? Ọmọ méjì tí mo bí tẹ̀ lé e, bí mo bá gbé wọn lé itan, kíá ni mo máa ń gbé wọn fún ẹlòmíràn. Ọkọ mi ní mo ti di igi. Òótọ́ ló sọ, mi ò sì bá a jiyàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, tèmi sì ti bá mi dákẹ́ fún ọdún méjìlélógún.

Nítorí náà, kí n tó ka ìwé ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni, mo ní kí n fojú ara mi rí iṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrọ̀fọ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ọ̀dọ́ náà bó ṣe máa ń wà. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbè mẹ́sàn-án ló jókòó lórí àwọn àpótí gíga, wọ́n sì ya ẹnu sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú. Wọn ò ya ojú, wọn ò ya imú. Mo rí i pé ilẹ̀ tutù, mo rò pé òrùlé ló ń jò, bí àwọn òrùlé wa ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ni mo tó rí i. Ìdí agbè kọ̀ọ̀kan ló sán, sísán tín-ín-rín bí irun, omi sì ń kán láti ibẹ̀ gba ojú ihò tó wà lórí àpótí, ó ń bọ́ sínú abọ́ tánganran tó wà nílẹ̀. Tó. Tó. Tó. Àkọlé tó wà lára ògiri, bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, ni "Ara Wa Le".

Mo fa àga kan, mo jókòó.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣe iṣẹ́ náà ti Kútọnu wá. Kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ọ̀dà. Kò gbọ́ Nàgó, Faransé la fi sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ni ohun tó ṣe yìí ń sọ. Ó gbé èjìká sókè.

"Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni, Màmá."

Inú tún bí mi. Ta ló ń se ọbẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ilá ni tàbí ẹ̀gúsí? Mo fi ìwé náà hàn án, mo ní ṣé òun ló kọ ọ́ pé òun ń yin obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nínú ìyà. Ó kà á, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní òun kọ́, àwọn tó gbé àfihàn náà kalẹ̀ ló kọ ọ́.

"Ẹ ṣáà wo ilẹ̀," ó ní.

Mo wo ilẹ̀. Abọ́ kan ti kún, omi rẹ̀ sì ti ń ṣàn dé ìdí ògiri.

"Àràárọ̀ ni mo máa ń pọn omi sínú wọn," ó ní. "Gbogbo ibi tí mo ti gbé wọn dé, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé níbo lomi àná lọ. Ẹnu ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n á ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó mà dára o."

Ó sọ ọ́ tán, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó lọ da omi abọ́ náà nù. Mi ò bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀rín yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì ti rí ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni mo gun alùpùpù lọ sí Màńígìrì. Ìgbà iṣu tuntun ni. Ìyá mi ti se iṣu sílẹ̀ nílé àbúrò mi, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó gé ègé kékeré kan, ó gbé e sẹ́yìn ọlọ.

"Ti eku ni," ó ní, bó ṣe máa ń sọ lọ́dọọdún látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé kò sí eku tó lórí ire bí eku ilé wa.

Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kí àbúrò mi bá àwọn obìnrin yòókù wá sí Bàsílà lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi ń bu iṣu sáwo. Ìyá mi ló fọhùn.

"Láàárín èrò? Kójú rẹ̀ lọ tú u fó?"

"Màámi, kí lojú rẹ̀ máa tú?"

Ó yíjú sí ìkòkò iṣu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun alára fẹ́ lọ, torí wọ́n ti sọ fún un pé agbè ni wọ́n kó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi agbè pamọ́ fún ìyá mi. Kò sì lè fi àbúrò mi nìkan sílẹ̀ nílé, kó má lọ sunkún lẹ́yìn òun. Bó ṣe di pé àwọn méjèèjì jọ wá nìyẹn.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta kajú ló kó wọn wá. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ bàtà òde, wọ́n ń fa ara wọn láṣọ. Ọkùnrin mẹ́rì náà dúró tì mí, ó de táì lọ́rùn nínú ooru yẹn. Mo ṣí ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní Nàgó. Mo dé ìlà kẹta. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé obìnrin wa kò mọ ẹkún, ni mo bá dákẹ́.

Ẹnì kan nínú wọn ní, "Màdáàmù, ẹ bá wa bi ọmọ yìí, kí ló dé tó ń pọn omi sínú agbè tó ń jò? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kútọnu nìyẹn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó jókòó lórí àga nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí àwọn agbè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run," ó ní. "Ẹ wo ẹnu wọn. Ẹ wá wo ìdí wọn."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n wá túmọ̀, mo dúró síbẹ̀ tèmi tìwé, ìyá àgbà tí kò ka álífábẹ́ẹ̀tì kankan sì ti túmọ̀ rẹ̀ tán.

Ibẹ̀ la wà tí mo fi wá ìyá mi tì. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí i. Nígbà tí mo máa rí i, ó ti jókòó sílẹ̀ ní igun gbọ̀ngàn, agbè kan wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ti da omi inú rẹ̀ sínú abọ́. Ó ti dá ihò. Ó ti ran án dé ìdajì.

"Hàn! Iṣẹ́ ọnà!" Ọkùnrin mẹ́rì náà di orí mú. "Màdáàmù, ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án!"

Mo sọ ọ́. Ìyá mi kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ran án tán, ó fi eyín já okùn, ó fi òrí kun ojú ihò. Ó da omi padà sínú agbè náà, ó gbé e sórí àpótí rẹ̀, ó sì dúró tì í.

"Ẹ wá wò ó," ó ní. "Kò jò mọ́."

Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ọmọ Màńígìrì wo ló máa rí agbè tó ń jò tí kò ní gán an bí òòlu bá wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ yẹn dé, mo sì dájú pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo rò pé ọ̀dọ́mọbìnrin náà máa pariwo. Kò pariwo. Ó wá, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, ó fi ìka tọ ojú ibi tí a ran náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní kí n bá òun sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára gan-an. Ó wá ní kí n bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

Mo bi ìyá mi. "Màámi, ó ní omi ọ̀hún ńkọ́?"

"Omi?" Ìyá mi wo èmi àti òun bíi pé a kò gbọ́n. "Ó wà nínú. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà."

Ìgbà yẹn ni mo rí àbúrò mi. Ó dúró ti agbè mìíràn níwájú, ó tẹjú mọ́ omi tó ń kán. Iwájú bùbá rẹ̀ ti tutù rinrin. Omi ọmú ti gba inú aṣọ kọjá, ó ń ṣàn bọ̀ síkùn rẹ̀, kò sì mọ̀. Ìyá mi rí i lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú mi. Ó yára tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo àyà àbúrò mi.

"Gbé ojú sókè," ó ní fún un.

Àbúrò mi gbé ojú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín sí wa. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè fara dà. Eyín funfun báláú, bí ti ara agbè.

"Màdáàmù, ẹ máa kà á lọ," ọkùnrin mẹ́rì náà ní.

Mo ká ìwé náà, mo kì í bọ àpò. Mo fi Nàgó sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè gbọ́, "Irọ́ ló wà nínú ìwé yìí, mi ò ní kà á. Wọ́n ní iṣẹ́ yìí ń yìn wá. Kò yìn wá. Ó ń bi wá léèrè ni. Ta ló ní ká máa rẹ́rìn-ín? Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ wò mí dáadáa. Èmi lagbè. Mo ti fọ́ látọjọ́ yìí, ẹ kàn gán mi ni, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ gbé mi padà sórí àpótí."

Mo wá pe orúkọ ọmọ mi. Ọdún méjìlélógún ni orúkọ yẹn fi wà lábẹ́ ahọ́n mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí torí kì í ṣe tìwé, ṣùgbọ́n mo pè é, mo tún un pè, ohùn mi sì lọ sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lọ níta dúró.

"Pa ẹnu rẹ dé!" ìyá mi jágbe mọ́ mi. "Ṣé o fẹ́ dí àbúrò rẹ lọ́nà ni?"

"Màámi, ẹ forí jì mí, mi ò ní pa á dé. Mo pa á dé lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣé ọmọ tó ń bọ̀ ni kò ní rí ọ̀nà?"

Mo yíjú sí àbúrò mi. Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá pe orúkọ náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ké. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ igbe náà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sunkún ọmọ rẹ̀, èmi náà sì jókòó tì í, mo sun tèmi. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà bá wa sun ún. Àwọn mìíràn gbọn orí, wọ́n jáde lọ dúró sídìí ọkọ̀.

"Kí lẹ sọ fún wọn?" ọkùnrin mẹ́rì náà bi mí ní Faransé. Òógùn ti gba táì rẹ̀.

"Mo túmọ̀ iṣẹ́ ọnà náà fún wọn, ọ̀gá. Ohun tí ẹ bẹ̀ mí nìyẹn."

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì di ẹnu rẹ̀ pa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn àgbà Màńígìrì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní mo ti ba nǹkan jẹ́, wọ́n ní ìwà òyìnbó ni mo kó wọ̀lú. Mo ní ẹ̀yin baba mi, òótọ́ lẹ sọ, òyìnbó ló dá ẹkún sílẹ̀, àwọn baba ńlá wa kàn ń bí ọmọ wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín wá sáyé ni. Àwọn àgbà náà ò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní tirẹ̀ sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní ebi ń pa òun. Ọkọ rẹ̀ ló fi tẹlifóònù sọ ọ́ fún mi. Ó ní ó jẹ iṣu, ó sì sùn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin Kútọnu náà kò tú okùn ìyá mi. Ó fi agbè náà sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù bó ṣe wà. Mẹ́jọ ń kán, ọ̀kan kò kán, abọ́ abẹ́ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn lọ, mo ní kí n lọ dágbére fún un. Alùpùpù kan tí mo mọ̀ ní Màńígìrì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà á ń jẹ àkàrà. Mo bi í pé ta ló gbé wá. Ó ní ìyá mi ni. Ìyá mi kò dá wá sí Bàsílà rí láyé rẹ̀.

Mo bá a nílẹ̀ gbọ̀ngàn, agbè rẹ̀ láàárín orúnkún. Abẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gé okùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ran, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á yọ, ó ń tò ó sórí itan. Mo ti mọ ìyá mi tipẹ́, mi ò rí i kó tú iṣẹ́ ara rẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú kẹ́tù omi, kò sì súnmọ́ ọn. Nígbà tí ìyá mi tú u tán, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu òrí kúrò, ó gbé agbè náà sáyè rẹ̀, ó sì fọwọ́ pe omi. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà pọn ọ́n kún. Láti ojú gbogbo ihò tó ti dá ni omi ń gbà jáde báyìí. Kì í ṣe ìkán mọ́, ó ń ṣàn ni.

Mo jókòó tì í. Kò wò mí.

"Iṣu ẹ̀yìn ọlọ yẹn," ó ní. "Kì í ṣe teku."

Mo sún mọ́ ọn.

"Ọmọ kan ló ni ín, ọkùnrin ni. Òun ló ṣíwájú rẹ. Eyín méjì ló ní. Iṣu tuntun ọdún náà ni mo kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Kí wọ́n tó wa iṣu oko tán, ó ti lọ. Ìyá bàbá rẹ ní bí mo bá sunkún rẹ̀, ìwọ ò ní wá." Ó pa okùn tó wà lórí itan rẹ̀ pọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. "Mi ò sunkún. O sì wá."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní àkọ́bí, orúkọ mi ni wọ́n sì fi ń pe ìyá mi láàárín ìlú. Gbogbo ìbínú tí mo kó wá láti ilé, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mi ò lè sọ pé ó ti tán nínú mi, torí kò tíì tán. Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ náà. Ó sọ ọ́, omi ojú rẹ̀ sì dà.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin mẹ́rì náà ti wọlé, ìwé lábẹ́ apá, ó wá ṣètò bí wọ́n ṣe máa di ẹrù. Ọmọ Aníì ni, Nàgó tó gbọ́ kò ju ti ìkíni lọ. Ó rí ìyá mi nílẹ̀, ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ṣé ara le?"

Ìyá mi gbé ojú sókè sí i. Kò nu ojú náà.

"Rárá," ó ní. "Ara mi ò le."

Ọkùnrin náà wojú mi pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ ọ, ọ̀gá," mo ní.